Ojú Ewé Kejì Lẹ́tà Sájẹ́ńtì Tackett

Ẹ má fojú àánú ka ìtàn yìí. Ẹni tí àánú tọ́ sí nínú rẹ̀ kì í ṣe èmi. Mo ń kọ ọ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ yín ló ń ṣe iṣẹ́ ìwé bíi tèmi, tí ẹ ń gba ìwé lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí ẹ ń fi í ránṣẹ́ síbòmíràn, tí ẹ sì rò pé ọwọ́ yín mọ́.

Verna Stuckey ni orúkọ mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí aṣòfin wa, Garland Pruett, ní sí ìlú wa, Cutler's Mill, ní Missouri. Ọ̀rọ̀ àwọn sọ́jà ló wà ní ìkáwọ́ mi. Bí sọ́jà kan bá ní ẹ̀dùn ọkàn tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò gbọ́, yóò kọ lẹ́tà sí aṣòfin, yóò buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kan tó fún wa láṣẹ láti bá a dá sí i, èmi yóò sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn ológun ní Washington. Bí kò bá sí ìbuwọ́lù, ìwé kankan kò gbọdọ̀ kúrò nínú dúrọ́ọ̀ mi. Bí ìbuwọ́lù bá wà, gbogbo ìwé tó so mọ́ fọ́ọ̀mù náà ló ń lọ. Òfin ọ́fíìsì wa nìyẹn. Èmi gan-an ni mo máa ń fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun.

Ní oṣù kẹta ọdún 2009, Sájẹ́ńtì Lowell Tackett wọlé tọ̀ mí wá. Ọmọ Ardith ni, Ardith tí a ti jọ ń ṣọ̀rẹ́ láti ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí mo padà sí iléèwé lẹ́yìn tí mo ti lé ní ogójì ọdún, òun ló ń bá mi bọ́ àwọn ọmọ mi, tó sì ń bá mi wẹ̀ wọ́n. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, n kì bá tí ní ìwé-ẹ̀rí tó gbé mi dé ìdí tábìlì yẹn.

Lowell ti lo ọdún mẹ́tàdínlógún nínú iṣẹ́ ogun. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa tọ́jú àwọn tó bá fara gbọgbẹ́ lójú ìjà. Ó ti lọ sí Iraq lẹ́ẹ̀mẹta.

"Àǹtí Verna, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ò tíì fẹ̀yìn tì síbẹ̀?"

"Bí mo bá fẹ̀yìn tì, ta ló máa gbọ́ ẹjọ́ yín? Jókòó jàre. Ìyá ẹ ńkọ́?"

"Èémí ni ò rọrùn fún wọn. Afẹ́fẹ́ inú àgbá yẹn ni wọ́n fi ń mí báyìí. Ohun tí mo bá wá gan-an nìyẹn."

Ó ń fẹ́ kí wọ́n gbé òun kúrò ní North Carolina wá sí bárékè kan tí kò ju wákàtí kan lọ sí ìlú wa, kí ó lè máa tọ́jú ìyá rẹ̀. Ó ti kọ lẹ́tà rẹ̀ wá láti ilé. Ó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Nígbà tí mo rò pé ó ti tán, ó tún yọ ìwé kan tó ká sí mẹ́rin nínú àpò àyà rẹ̀. Bébà kan náà ni, ó sì ti kọ nọ́ńbà kejì sí òkè rẹ̀.

"Èyí wá ńkọ́?"

"Ti ọ̀gá nìkan nìyẹn, Àǹtí. Ẹ bá mi fi lé wọn lọ́wọ́. Kì í ṣe ara ti àkọ́kọ́. Mo ti kọ ọ́ sí i."

Òótọ́ ni, ó ti kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé: *Aṣòfin Pruett nìkan ni kó ka èyí.*

Kò tíì dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀ tí mo fi tú u. Mo lè sọ fún yín pé iṣẹ́ mi ni láti kà á. Iṣẹ́ mi kọ́.

"Ọ̀gá," ni ó kọ, "mo gbọ́ pé ẹ ń sọ káàkiri pé kò sí sọ́jà kan ní agbègbè wa tó bẹ̀ yín pé kí ẹ yí òfin náà padà. Ó dáa, èmi bẹ̀ yín. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin ni mí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mí ní gbogbo ìgbà tí mo ń fọwọ́ di ojú ọgbẹ́ ọmọ àwọn tó dìbò fún yín. Mi ò fẹ́ kí ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó tún sọ̀rọ̀."

Ẹ̀yin tó gbọ́njú nígbà náà rántí òfin yẹn: wọn kò ní bi ọ́, ìwọ náà kò sì gbọdọ̀ sọ. Ẹni tó bá fi ẹnu tàbí ìwé sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lòun, wọ́n á lé e kúrò nínú iṣẹ́ ogun. Àwọn kan ní Washington ń fẹ́ pa òfin náà rẹ́. Aṣòfin wa wà lára àwọn tó fi ẹsẹ̀ tì í pé kò ní kú.

Èmi náà wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbágbá. Mo ti fi ọdún méjìlá kọ́ àwọn ọmọ ìjọ wa ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Lowell wà lára wọn. Nígbà tí mo ka ìwé yẹn tán, ó dà bí ẹni pé ó ti ń purọ́ fún mi láti kékeré. Bẹ́ẹ̀ n kò bi í léèrè ohunkóhun rí.

Brice Hadley, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ olórí ọ́fíìsì wa, bá mi níbi tí mo ti dì í mú.

"Àǹtí Verna, kí lẹ dì mú bí ẹni di ejò mú yìí?"

Mo nà án sí i. Ó kà á, ó súfèé.

"Ọmọ ta nìyí?"

"Ọmọ ìjọ wa ni."

"Háà. Ẹ gbọ́, bí ìwé yìí bá dé orí tábìlì ọ̀gá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ láti èṣín di irọ́ nìyẹn. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀gá wa ò fẹ́ràn irọ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Ó kúkú sàn kí wọ́n má mọ̀."

"Kí ni kí n wá ṣe? Kí n ya á?"

"Ẹ má yà á o! Ìwé olùdìbò ni. Ṣé ó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù?"

"Ó buwọ́ lù ú."

"Kí ni fọ́ọ̀mù náà wí?"

"Gbogbo ìwé tó so mọ́ ọn."

"Ẹ tún wá ń bi mí." Ó fi í sílẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni pé ó jó o lọ́wọ́. "Èmi ò rí nǹkan kan o. Mò ń lọ sí Washington ní oṣù kẹsàn-án, ẹ̀yin lẹ sì máa jókòó sórí àga mi. Kò yẹ kí n máa kọ́ yín níṣẹ́."

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń fojú sí àga yẹn lára. Kò sí obìnrin tó jókòó sórí rẹ̀ rí, ká má tilẹ̀ tíì sọ obìnrin tó gba ìwé-ẹ̀rí nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbé ọmọ-ọmọ.

Mo fi ìwé náà sí dúrọ́ọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ ìsinmi, èmi àti Ardith ń fọ àwọn ife kékeré tí a fi jẹ oúnjẹ Olúwa nínú kíṣìnì ṣọ́ọ̀ṣì. Àgbá afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí táyà méjì.

"Verna, ṣé lẹ́tà ọmọ mi ti lọ?"

"Ó kù díẹ̀."

"Kí ló kù? Ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní ọjọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ o. Bá mi fi í ránṣẹ́ kó máa lọ."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn dá mi dúró. Ó fún mi ní àwáwí ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gán ojú ewé kejì mọ́ ojú ewé kìíní, mo fi fọ́ọ̀mù lé e lórí, mo kọ V.S. sí ìwé ìdarí tó wà níwájú, mo sì fi í ránṣẹ́. Mo ní lọ́kàn mi pé, òun ló kọ ọ́, òun ló buwọ́ lù ú, ìyá rẹ̀ ló ní kí n yára.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, fóònù dún. Mejọ̀ Weddle ni, ọ̀gágun tó ń bá àwọn ológun gba ìwé tí àwọn aṣòfin bá fi ránṣẹ́. Ọdún mẹ́fà la ti jọ ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, n kò sì mọ ojú rẹ̀.

"Ìyáàfin Stuckey, ìwé Tackett yìí. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà ní ojú ewé kejì?"

Mo ti fóònù mọ́ etí.

"Mò ń bi yín nítorí pé mi ò tíì lu òǹtẹ̀ sí i. Bí mo bá ti lù ú, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ kàn sọ pé ó ṣèèṣì bá a wọ inú àpò ìwé ni, màá dá a padà sí yín lónìí. Ẹ̀yin ò rí i, èmi náà ò rí i."

Mo ń gbọ́ ẹ̀rín Brice láti yàrá kejì. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, mo sì ń rí ẹ̀yìn àga náà.

"Ohun tí a bá ti fi ránṣẹ́, a ti fi ránṣẹ́ náà nìyẹn, Mejọ̀."

Ó mí kanlẹ̀. "Ọmọkùnrin yìí gbé èèyàn mẹ́rin jáde nínú ọkọ̀ tó ń jóná, Ìyáàfin. Ó wà nínú fáìlì rẹ̀ níwájú mi níbí."

"Òfin ni, Mejọ̀. Èmi kọ́ ni mo ṣe é."

"Ó dáa," ni ó wí. "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Fún ọdún mẹ́ta, n kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan.

Wọ́n lé Lowell ní oṣù keje. Wọn kò sọ pé ó jalè tàbí pé ó sá lójú ogun. Wọ́n fún un ní ìwé tó sọ pé ó sìn dáadáa, wọ́n sì kọ ìdí tí wọ́n fi lé e sí ara ìwé kan náà, kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbà á síṣẹ́ lè kà á. Ọdún mẹ́ta péré ló kù kí ó pé ogún ọdún tó máa fún un ní owó ìfẹ̀yìntì.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ó ti dé, kí ni mo ṣe? Mo se ọbẹ̀ adìyẹ, mo gbé e lọ sílé wọn.

"Wọ́n rí ìwé kan ni wọ́n sọ," ni Ardith wí fún mi ní kíṣìnì. Lowell wà lẹ́yìnkùlé, ó ń la igi bí ẹni pé igi náà ṣẹ̀ ẹ́.

"Ṣé o mọ ohun tó wà nínú ìwé náà?" ni mo bi í.

"Mo ti mọ̀ láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ṣé o rò pé èmi ò lójú ni? Ọmọ mi ni, Verna. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó fi ìwé náà lé wọn lọ́wọ́. Ta ló lè ṣe irú èyí?"

"Ayé ti bàjẹ́," ni mo dá a lóhùn. Mo bu ọbẹ̀ fún un.

Ní oṣù kẹjọ, aṣòfin wa wá ṣe ìpàdé pẹ̀lú àwọn ará ìlú ní gbọ̀ngàn tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Èmi ló di máíkì mú fún àwọn tó fẹ́ bi í ní ìbéèrè. Ẹnìkan dìde, ó béèrè nípa òfin náà.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni aṣòfin dáhùn, "mo ti wà lórí iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́rìnlá. Kò sí sọ́jà kan, ẹyọ kan péré, láti agbègbè yìí, tó tíì wá bá mi pé kí n yí i padà. Àwọn tó ń pariwo, wọn ò wọ bàtà sọ́jà rí."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Baba Orville Banta, tó ja ogun Vietnam, jókòó síbi tó wà, ó kígbe: "Èmi wọ̀ ọ́! Mo bá irú àwọn tí òfin yẹn ń lé lúgọ nínú kòtò kan náà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá wọ́n mọ ìbọn yìn!"

"Baba, ẹ jókòó," ni ẹnìkan wí.

"Ṣé o rí mi lórí ìdúró ni? Ojú ń dùn ẹ́!"

Ẹ̀rín sọ. Inú ẹ̀rín yẹn ni Lowell ti dìde, tó rìn wá síbi tí mo wà, tó sì gba máíkì lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi kó tó gbà á.

"Ọ̀gá, èmi wá bá yín," ni ó wí. "Mo kọ̀wé sí yín ní oṣù kẹta. Mo kọ ọ́ sí i pé ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ kà á. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lé mi, wọ́n fún mi ní ẹ̀dà ohun tí wọ́n fi dá mi lẹ́bi. Ẹ wò ó. Lẹ́tà mi ni. Ìwé ìdarí ọ́fíìsì yín ló wà níwájú rẹ̀."

Aṣòfin gba ìwé náà, ó wò ó, ojú rẹ̀ pọ́n. Ohun tó sọ jẹ́ òótọ́: "Mi ò rí lẹ́tà yìí rí láyé mi." Ó tún wo ìwé náà. "Ta ni V.S.?"

Kò sí ẹni tó nílò láti dáhùn. Ní ìlú kékeré, álífábẹ́ẹ̀tì méjì tó láti dá èèyàn mọ̀. Gbogbo ojú yí sí mi. Ardith wà ní ìlà àkọ́kọ́ pẹ̀lú àgbá rẹ̀. Òun ló yí ojú sí mi kẹ́yìn.

"Àǹtí Verna," ni Lowell wí. Kò pariwo. "Ṣé àṣìṣe ni?"

Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Mo bọ́ síbẹ̀.

"Àṣìṣe ni," ni mo wí. "Ó so mọ́ ojú ewé kìíní. Mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

"Àṣìṣe tó mọ ọ̀nà Washington láìbi ẹnikẹ́ni!" ni Baba Orville wí.

Ardith dìde. Ó wọ́ àgbá rẹ̀ kọjá lórí pákó gbọ̀ngàn yẹn, gbogbo wa sì ń gbọ́ bí táyà rẹ̀ ṣe ń ké. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni ó wí fún gbogbo wọn. "Ta ni kì í ṣàṣìṣe? Verna ò lè ṣe mí ní ibi."

Mo dúró síbẹ̀, mo jẹ́ kó di ọwọ́ mi mú.

Ìyà tó tọ́ sí mi kò dé nígbà náà. Ìyìn ló dé. Àwọn obìnrin ìjọ gbé kéèkì ápù wá sílé mi. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ sí mi létí pé, "Àṣìṣe ni o, kì í ṣe àṣìṣe ni o, Ọlọ́run ló lò ọ́." Brice ní mo gbé e dáadáa. Ní oṣù kẹsàn-án, mo jókòó sórí àga rẹ̀. N kò lè sọ fún yín bí àga náà ṣe rí, nítorí pé n kò gbádùn rẹ̀ fún wákàtí kan.

Ardith kú ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e. Lowell wá sílé mi pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, ó ní ìyá òun ti sọ pé èmi ni kí n ka Bíbélì níbi ìsìnkú òun. Mo kà á. Ohùn mi kò tilẹ̀ gbọ̀n.

Mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, mo ní eékún ló ń dùn mí. Kó tó di ìparí ọdún yẹn, wọ́n pa òfin náà rẹ́ ní Washington. Àwọn tó ti sọ pé ilé ogun máa wó ń wo ilé ogun; kò wó. Aṣòfin wa kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Mo wá rí i pé ohun tí mo torí rẹ̀ ba ayé ọmọ ọ̀rẹ́ mi jẹ́, àwọn tó ni ín kò tilẹ̀ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé òfin ló ṣe é, ẹ bi í pé ọwọ́ ta ni òfin náà lò. Mo jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn òfin, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n òfin kò ní kí n tú ìwé tí a kọ orúkọ ẹlòmíràn sí. Òfin kò ní kí n sọ pé rárá fún Mejọ̀ Weddle. Èmi ni mo sọ ọ́.

Ní ọdún 2012, lọ́yà kan ránṣẹ́ pè mí, Ìyáàfin Renata Oyler. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé ìtajà irinṣẹ́. Nígbà tí mo wọlé, Lowell ti jókòó síbẹ̀. Ó dìde fún mi, ó fún mi ní àga.

"Ó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́," ni lọ́yà wí. "Wọ́n ń sọ pé òun fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí ara rẹ̀, nítorí náà wọn ò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan. Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣèèṣì fi í ránṣẹ́ ni, màá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lágbára tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó fi í ránṣẹ́ mọ ohun tó ń ṣe, tó sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sí i pé aṣòfin nìkan ni, a jẹ́ pé Lowell kọ́ ló sọ ọ́ nìyẹn. Ẹlòmíràn ló sọ ọ́."

"Kò sí wàhálà, Àǹtí," ni Lowell wí. "Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Mo ti sọ fún wọn pé àṣìṣe ni."

Àánú ló fi sọ ọ́. Ó ń gbìyànjú láti dáàbò bò mí.

"Kì í ṣe àṣìṣe," ni mo wí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti Brice, mo sọ ti àga, mo sọ ti Mejọ̀ Weddle àti ohun tí mo fi dá a lóhùn. Lọ́yà ń kọ ọ́, bírò rẹ̀ kò dúró.

Nígbà tí mo parí, Lowell bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. "Ṣé ìyá mi mọ̀ kí wọ́n tó kú?"

"Wọn ò mọ̀."

Ó dìde, ó lọ dúró ní ojú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

"Ìyáàfin Stuckey," ni lọ́yà wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ti orí fóònù yẹn sọ. Ẹ rọra sọ ọ́, kí n lè kọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an."

Mo tún un sọ. Mo buwọ́ lù ú.

Oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn náà, wọ́n gbà á padà, ní ipò kan sílẹ̀ sí èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ tó ń lọ. Ardith kọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa; láti kékeré, kì í kọjá níwájú ilé àgbà láìkí i. Ọkọ̀ rẹ̀ kọjá níwájú ilé mi pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn rẹ̀, kò sáré, ó ń wo ọ̀nà. Mo ti gbé ọwọ́ mi sókè kí n tó mọ̀. Mo gbé e wálẹ̀.